Ẹ Bi Màmá: Ta Ló Máa Tọ́jú Ìtàn Abúlé Wa?

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti mẹ́nu bà á lóṣù tó kọjá pé àwa méje kan wà lábúlé wa tí à ń bójú tó yàrá méjì tí a kó àwọn nǹkan àtijọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì san kọ́bọ̀ fún wa, lẹ́tà ò tíì yéé wọlé. Àwọn kan ń bínú pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ tipẹ́, àwọn kan láwọn náà ti ń ṣe é, àwọn míì ò tíì bẹ̀rẹ̀ àmọ́ ó ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Mo mú mẹ́fà síbí. Mo gé àwọn kan kúrú díẹ̀ torí àyè, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ni mo kà o, tó fi dórí èyí tó gùn tó ojú ewé mẹ́jọ.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ abúlé wa ní oko Ìbàdàn ló ní kí n kọ̀wé sí yín. A fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, a ti dá owó jọ, a ti ra búlọ́ọ̀kù ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn bàbá wa ní nǹkan nílé dáadáa. Ṣé ká kọ́lé tán ká tó máa gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ni, àbí ká ti máa gbà á báyìí? — Akọ̀wé Ẹgbẹ́*

Akọ̀wé, ẹ kú ìdánúṣe. Ẹ jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù yẹn wà níbi tó wà ná. Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́lé o, àmọ́ búlọ́ọ̀kù ò ní kú lọ́dún yìí, bàbá tó mọ ẹni tó ni odó yẹn lè kú. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle bíi èyí táwọn tíṣà fi ń pe rẹ́gísítà, pẹ̀lú pẹ́ńsù méjì. Owó ẹ̀ ò tó ti àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú wa rí. Nígbà táwa bẹ̀rẹ̀, inú gbogbo ìlú dùn débi pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan yàrá ti kún: fìtílà, òṣùwọ̀n kòkó, ìkòkò aró, ewìrì àti ẹmú alágbẹ̀dẹ, aṣọ, àga. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn, gbogbo ẹ̀ ló sì mọ̀ lórí, ilé tó ti wá, ẹni tó gbé e wá, ohun tí wọ́n fi ń ṣe. A ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kí la fẹ́ kọ, ṣebí ó wà níbẹ̀? Ó ríṣẹ́ sí Àbújá, ó sì lọ. Irin kan wà láàárín àwọn nǹkan yẹn, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ó nípọn díẹ̀ láàárín, ó wá ń tín-ín-rín lọ sí orí méjèèjì, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. A gbé e sáàárín àwọn irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, a sì fi páálí kọ ọ́ sí i lára pé "irin alágbẹ̀dẹ". Ọdún méjì gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń wá wò ó, à ń ka irọ́ yẹn fún wọn.

Lọ́jọ́ kan ìyá àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún yà wọlé, oòrùn ló pa á, ó ní ká fún òun láyè kóun jókòó. Ló bá rí irin yẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló gbé irin òwú sáàárín ẹmú?" Ó ní ká wá pátákó pẹlẹbẹ kan fún òun. Òwú kan wà lẹ́yìn ilé kejì wa tó hù fúnra ẹ̀, wọ́n já díẹ̀ wá fún un. Màmá yẹn kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tẹ́ òwú sórí pátákó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí irin yẹn lórí ẹ̀ lọ síwájú, kóró òwú wá ń ta jáde níwájú irin lọ́kọ̀ọ̀kan, pọ́, pọ́, òwú funfun sì ń kù sẹ́yìn. Kò bojú wòkè. Ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe é, pé alẹ́ òṣùpá làwọn máa ń ṣe é, pé ìyá ọkọ òun ló kọ́ òun, pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù kóró á fọ́ mọ́ òwú, ó sì ti bà á jẹ́ nìyẹn. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀, ìṣẹ́jú méjìlá. Kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó dé, màmá ti lọ. Ká ní ilé bàbá mìíràn ló yà sí lọ́jọ́ yẹn, irin alágbẹ̀dẹ là bá ṣì máa pè é dòní.

Torí náà Akọ̀wé, ẹ máa gba nǹkan báyìí, àmọ́ kò gbọdọ̀ sí ohun tó máa wọlé tí ò ní kọjá lórí ìwé. Ẹ fún un ní nọ́ńbà. Àwa máa ń kọ ọdún, ká tún kọ iye ẹni tó ti mú nǹkan wá lọ́dún yẹn, ká wá kọ iye nǹkan tó mú wá, bíi 2024/3/1, ìyẹn ni pé ẹni kẹta tó mú nǹkan wá lọ́dún 2024, ohun àkọ́kọ́ tó mú wá. Nọ́ńbà yẹn kan náà lẹ máa kọ sára nǹkan náà: tó bá jẹ́ aṣọ, ẹ rán aṣọ funfun pélébé kan mọ́ ọn létí, tó bá jẹ́ igi tàbí irin, ẹ fi òwú so káàdì kékeré mọ́ ọn. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan kan mọ́ ọn lára o, ẹ má sì fi báírò kọ sí i. Nínú ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó mú un wá, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, orúkọ tí abúlé YÍN ń pè é (torí ohun tí Ìbàdàn ń pè é lè máà jẹ́ ohun tí Ìjẹ̀bú ń pè é), ohun tí wọ́n fi ń ṣe, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ má fi ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹlòmíì á wá lọ́la táá ní irọ́ ni. Ẹ tún kọ ọ́ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí wọ́n kàn yá yín lò, kẹ́ni tó mú un wá fọwọ́ sí i, ẹni tí ò mọ̀wé kó tẹ̀ka. Ìjà tí mo ti rí lórí èyí pọ̀, bàbá fi tọkàntọkàn fún yín, bàbá kú, ọmọ dé láti Èkó pé ta ló ní kẹ́ ẹ gbé ohun ìní bàbá òun.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá, torí oko Ìbàdàn lẹ wà. Ẹ bi àwọn bàbá yín nípa Àgbẹ́kọ̀yà. Lọ́dún 1968 sí 1969 táwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn kọ̀ láti san owó orí tó ga ju agbára wọn lọ, inú àwọn abúlé bíi tiyín lọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹlẹ̀. Tàfá Adéoyè ni gbogbo ayé mọ̀ nínú àwọn aṣáájú wọn, àwọn àgbẹ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi lọ tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀, Awólọ́wọ̀ fúnra ẹ̀ ló lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó rọlẹ̀, ìjọba sì dín owó orí kù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti ń lọ sí ọgọ́rin báyìí. Rìsíìtì owó orí tó ti pọ́n tó wà nínú àpótí bàbá kan lábúlé yín, tí wọ́n fẹ́ fi dáná, ó ṣeyebíye ju ilé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ lọ. Ẹ tètè lọ. Ẹ gbé fóònù dání, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dà á sí ibi méjì lálẹ́ ọjọ́ náà, torí wọ́n máa ń jí fóònù.

*Ẹ káàsán mà. Ìyá mi fi sányán bàbá wọn sílẹ̀ fún mi, mo fẹ́ fún mùsíọ̀mù kékeré tó wà nílùú wa. Nígbà tí mo tú u, kòkòrò ti lu ihò sí i, nǹkan kan bí ìyẹ̀fun sì wà nínú ẹ̀. Àbúrò mi ní kí n fọn oògùn ẹ̀fọn sí i kí n sá a sóòrùn. — Ọmọ Ìṣẹ́yìn*

Àbúrò yín fẹ́ràn yín àmọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn yẹn á ta sára aṣọ, á yí àwọ̀ ẹ̀ padà, ẹni tó bá sì ń fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìgbà yẹn ló máa jìyà ẹ̀. Oòrùn náà á ṣá a. Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ́yìn mọ̀ jù mí lọ pé sányán kì í ṣe òwú lásán, ilé kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń rí fọ́nrán ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní àwọ̀ ilẹ̀ yẹn láìjẹ́ pé wọ́n rẹ ẹ́ láró, ìdí nìyẹn náà tí àwọn kòkòrò míì fi ń gbádùn ẹ̀ ju aṣọ olówùú lọ.

Ẹ gbé e síta lábẹ́ ìbòòji, lórí aṣọ funfun, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ lójú àti lẹ́yìn, ẹ wo ìṣẹ́po etí aṣọ dáadáa torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń yé sí. Ẹ wá fi náílọ̀n wé e lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ dì í kí omi má lè wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ní fírísà tí iná ẹ̀ kì í lọ, bí àwọn tó ń ta ẹja dídì tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín gbé e síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èmi gangan ti bẹ ìyá ẹlẹ́ja lọ́jà wa, ó kọ́kọ́ rò pé orí mi ti dàrú, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló gbé aṣọ ìyá tiẹ̀ náà wá. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kó wà nínú náílọ̀n títí òtútù fi máa kúrò lára ẹ̀ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì á sẹ̀ sí i lára.

Tó bá wá dé mùsíọ̀mù, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣẹ́ ẹ po. Ojú ibi tí wọ́n bá ṣẹ́ po ló máa ń ya. Kí wọ́n fi aṣọ funfun wé páìpù, kí wọ́n wá ká sányán mọ́ ọn lára bí ẹni ká ẹní. Kí wọ́n má fi í kọ́ sójú wíńdò. Ihò tó ti wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má rán an.

*Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Arákùnrin kan tó wọṣọ gidi máa ń gbé mọ́tò wá sábúlé wa láti Èkó, ó ń ra àwọn ère ìbejì àti ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́. Ó ti fún àwọn kan lówó. Ó fẹ́ ra méjì tó jẹ́ ti ìyá bàbá mi, owó tó dá lé e tó san owó iléèwé mi fún odindi ọdún kan. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé abúlé wa ò lè fún mi ní nǹkan kan. — Ọmọ Yunifásítì*

Ọmọ mi, mi ò ní sọ fún ẹ pé owó iléèwé ò ṣe pàtàkì. Mo mọ bó ṣe ń rí téèyàn ò bá tíì san án tí ìdánwò sì ti dé. Àmọ́ jẹ́ n sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún ẹ.

Àkọ́kọ́, òfin wà. Òfin ọdún 1979 tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ ni, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sọ pé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe kó tó di ọdún 1918, tàbí èyí tó níye lórí nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n sì ti lò fún ètò ìbílẹ̀, kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni kàn lè máa rà kiri. Ẹni tí àjọ yẹn bá fún láṣẹ nìkan ló lè rà á, kéèyàn sì gbé e jáde ní Nàìjíríà láìní ìwé àṣẹ wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bi arákùnrin yẹn pé ìwé àṣẹ ẹ̀ dà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá di wàhálà, òun á ti wà lójú ọ̀nà, ìwọ ni wọ́n máa bá nílé.

Ìkejì, ẹnu ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀. Lọ́dún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí Orí Olókun, ó fẹ́ gbé e lọ, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì gangan ló ní kó dá a padà. Lọ́dún 1938, wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, ọkọ́ ló kan àwọn orí idẹ. Ojú ẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di tì-ẹ-ni tèmi-ni: ọ̀kan dé British Museum ní London, ibẹ̀ ló sì wà dòní, méjì dé Amẹ́ríkà, ọdún 1950 ni wọ́n tó padà wálé. Àwọn ohun tí a sì mọ ibi tó wà ni mò ń sọ yìí. Èyí tó kọjá lọ́wọ́ àwọn olówó láìsí fọ́tò, láìsí orúkọ, kò sẹ́ni tó lè lọ gbà á torí kò sẹ́ni tó lè fi hàn pé tòun ni.

Nítorí náà, bóyá o tà á o, bóyá o ò tà á o (mo bẹ̀ ẹ́, má tà á), lónìí yìí ya fọ́tò ẹ̀. Iwájú, ẹ̀yìn, abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, kó o fi rúlà ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n mọ bó ṣe ga tó. Ya ilà ojú ẹ̀ sún mọ́ ọn. Wo ojú ẹ̀ dáadáa, wàá rí i pé imú àti ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ẹni tó ń tà á máa sọ fún ẹ pé ó ti gbó ni. Kò gbó. Ìyá bàbá ẹ ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ tó ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, torí ọmọ tó kú ni. Ọwọ́ obìnrin yẹn ló nu imú yẹn tán. Èyí ò sí nínú owó tí arákùnrin yẹn dá lé e. Kọ orúkọ àwọn ìbejì yẹn sílẹ̀ tí ẹnì kan bá ṣì rántí, Táyé tàbí Kẹ́hìndé ló ṣáájú kú, ọdún wo.

Ní ti owó iléèwé, kọ̀wé sí mi padà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ìwé ìròyìn.

*Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Pásítọ̀ wa àti àwọn ààfáà méjì kò fẹ́ kí wọ́n dá mùsíọ̀mù sílẹ̀ lábúlé wa, wọ́n ní ilé òrìṣà là ń kọ́ padà. Àwọn tó sì ni eégún náà ò fẹ́, wọ́n ní a fẹ́ tú àwọn fó. Ó ti sú wa. — Ìyá Ìjọ*

Ìyá mi, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn eléégún, torí pé àwọn ni wọ́n jàre jù. Ohun tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ kò ní nǹkan ṣe nínú mùsíọ̀mù. Aṣọ eégún tó ń jáde lọ́dọọdún, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín ni kó wà. Ohun tí wọ́n bá ní kí obìnrin má rí, tàbí kí ògbèrì má rí, ẹ má gbà á, ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ ò ní fipá gba nǹkan kan, àwọn fúnra wọn ló máa wá sọ ohun tó ṣeé sọ.

Ní ti Pásítọ̀ àtàwọn ààfáà, ẹ ké sí wọn kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé kí ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí fẹ́ gbé wá. Òótọ́ ni mò ń sọ. Aago ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, wàláà tí àwọn ọmọ kéú fi kọ́ ìwé, Bíbélì Yorùbá tí èèrà ti jẹ létí, fọ́tò àwọn tó kọ́ ilé ìjọsìn yẹn, orúkọ àwọn obìnrin tó ru omi tí wọ́n fi pò ó. Ìtàn abúlé náà nìyẹn. Nígbà táwa ṣe é, ẹni tó ń bú wa jù ló wá gbé páálí méjì wá.

Kí wọ́n sì rántí pé mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà kì í ṣe ti Èkó, kì í ṣe ti Ìbàdàn. Èsìẹ́ ni, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, lọ́dún 1945. Àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú igbó ìlú náà, àwọn tó jókòó, àwọn tó mú idà dání, ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. Dípò tí wọ́n á fi kó wọn lọ sí ìlú ńlá, ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ilé sí fún wọn. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà ní Èsìẹ́, ìlú ò tíì dàrú.

*Màmá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé. Wọ́n mú wa lọ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Eyam, mo rí mùsíọ̀mù kékeré kan, àwọn bàbá àti ìyá arúgbó ló ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò gba owó oṣù. Ó yà mí lẹ́nu. Kí ló mú wọn máa ṣe é, ṣé a lè ṣe irú ẹ̀ nílé? — Bọ̀ọ̀dá Wálé-Ò-Tíì-Yá*

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí ilé. Mo mọ ìtàn Eyam dáadáa, Íìm ni wọ́n ń pè é lẹ́nu, ó sì wọ̀ mí lára gan-an. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1665, aṣọ kan dé láti London sọ́dọ̀ télọ̀ abúlé náà, aṣọ náà tutù, George Viccars tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ síbi iná kó lè gbẹ, eégbọn tó ní àjàkálẹ̀ àrùn wà nínú ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kú. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1666, òjíṣẹ́ Ọlọ́run wọn William Mompesson àti Thomas Stanley tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn ò ní jáde mọ́, kí àrùn yẹn má bàa dé abúlé míì. Àwọn ará ìta máa ń gbé oúnjẹ síbi òkúta ààlà, àwọn ará abúlé á fi owó sínú ihò ara òkúta tí wọ́n bu ọtí kíkan sí. Obìnrin kan, Elizabeth Hancock, fọwọ́ ara ẹ̀ sin ọkọ ẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Bí wọ́n ṣe ń kà á, èèyàn 260 ló kú.

Bọ̀ọ̀dá, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti ààbọ̀ ọdún ti kọjá, a sì mọ orúkọ ọmọ iṣẹ́ télọ̀, a mọ orúkọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà. Kì í ṣe pé abúlé wọn lówó ju tiwa lọ ló fà á. Rẹ́gísítà ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin ín. Ìgbà tó yá ni ará abúlé kan, Clarence Daniel, ń kó nǹkan jọ sínú ilé ẹ̀, ohun tó kó jọ yẹn ló wá di ìpìlẹ̀ mùsíọ̀mù tí wọ́n ṣí lọ́dún 1994, nínú ilé tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tẹ́lẹ̀. Wọn ò kọ́ ilé tuntun. Àwọn arúgbó tẹ́ ẹ rí lẹ́nu ọ̀nà, abúlé tiwọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ṣé a lè ṣe irú ẹ̀ nílé? Bọ̀ọ̀dá, a ti ń ṣe é. Ẹ lọ sí Badagry, ilé Mobee àti ilé Sẹ̀ríkí Abass, nínú agboolé àwọn ìdílé yẹn gangan ni wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ìtàn òwò ẹrú han àlejò. Ohun tẹ́ ẹ lè bá wa ṣe látibẹ̀ rọrùn. Ẹ jókòó ti ìyá yín lórí WhatsApp ní Sunday, kẹ́ ẹ bi í léèrè ọdún àrùn tó jà lábúlé yín, ta ló kú, ibo ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹ bi í nípa ọdún 2020 náà, tí ọjà pa, tí wọ́n ń fi aṣọ bo imú, torí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń lọ sí iléèwé, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

*Màmá, a jẹ́ mẹ́wàá nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, a ti ku mẹ́ta. Orùlé ń jò. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ń bọ̀. Kí la máa ṣe? — Alákòóso Tó Ti Rẹ̀*

Ẹ pẹ̀lẹ́, àárẹ̀ yín yé mi. Ẹ má ṣí i lójoojúmọ́ mọ́. Ọjọ́ ọjà nìkan, aago mẹ́wàá sí aago méjì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ọjọ́ tó kù ẹni tó bá fẹ́ wò ó á pe nọ́ńbà ẹnì kan. Orùlé ò ní dúró de ìjọba: lónìí yìí, ẹ gbé gbogbo nǹkan tó wà lábẹ́ ibi tó ń jò kúrò, kẹ́ ẹ gbé èyí tó wà nílẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, kó jìnnà sí ògiri ní ìbú ọwọ́ kan kẹ́ ẹ lè máa rí ojú ọ̀nà ikán. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Pánù méjì ni orùlé yẹn nílò, kì í ṣe odindi, ẹ bẹ kápẹ́ńtà abúlé yín, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri pé òun ló kàn án.

Lọ sí iléèwé tó wà nítòsí. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ni gbogbo ayé fi ń ṣe ọjọ́ àwọn mùsíọ̀mù, láti ọdún 1977 ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ ní kí tíṣà kó àwọn kíláàsì márùn-ún wá lọ́jọ́ yẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìtàn ohun kan wá látọ̀dọ̀ ìyá àgbà ẹ̀. Nínú wọn ni ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún yín máa ti wá, ọmọdé tó bá ti fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn tó sì kọ ọ́ sínú ìwé kì í fẹ́ lọ sílé mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ méjì, kó má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kó má sì wà nínú ilé kan náà. Ìwé rẹ́gísítà yẹn, ẹ ya gbogbo ojú ewé ẹ̀ ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ò gbé lábúlé yín. Tẹ́ ò bá rí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín tọ́jú ẹ̀.